Wọ́n Ní Ara Ń Tù Ú, Kíndìnrín Rẹ̀ Ló Ń Ké

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní àdúgbò Kennedy, nílùú Bouaké, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, obìnrin oníṣòwò kan jí, ó sì rí i pé ojú òun kò là dáadáa. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀fọn ló jẹ òun. Ó fi omi tútù bọ́jú, ó wé gèlè rẹ̀, ó sì gba ọjà lọ. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ojú náà ti lọ sílẹ̀, obìnrin náà sì gbàgbé rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ojú tún wú. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún wú. Ohun tó yani lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sí ẹnì kan nínú àwọn tó yí i ká tó bá a dárò. Ńṣe ni wọ́n ń kí i kú oríire.

"Ìyàwó wa, ara mà ń tù ọ́ o!" Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ló sọ bẹ́ẹ̀, níwájú ìsọ̀, tí gbogbo ènìyàn sì gbọ́. "Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ọjà ti ń tà."

Ọmọ Ẹjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni obìnrin náà. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ta ọṣẹ, ìpara, àtíkè àti òróró irun ní Bouaké, ó gbọ́ èdè Faransé, ó gbọ́ èdè Jula tí wọ́n fi ń nájà, kò sì sí ẹni tí kò mọ ìsọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ irú ìgbé ayé tí àwọn ọmọ Yorùbá ń gbé níbẹ̀ lè má mọ ìdí tí ojú kíkún fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá. Anango ni àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń pè wọ́n. Ní 1912 ni ojú irin tó ti Abidjan wá dé Bouaké, ibi tí ọkọ̀ ojú irin bá sì dé, oníṣòwò Yorùbá kì í pẹ́ débẹ̀. Àwọn ará Ẹjìgbò ló pọ̀ jù nínú wọn, débi pé ọkọ̀ ń gbérò láti Ẹjìgbò lọ tààrà sí Abidjan, tí ènìyàn sì lè gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu ọmọ kékeré nílùú náà. Bí ọmọ wọn kan bá ti òkèèrè dé fún ọdún, kì í ṣe ẹrù rẹ̀ ni ará ilé ń kọ́kọ́ wò, ojú rẹ̀ ni. Bí ojú náà bá gbẹ, wọ́n á ní ìyà ló ń jẹ ẹ́ lájò. Bí ó bá kún, tó sì pupa, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ ti ba ẹnu.

Ọ̀rọ̀ pípupa yìí gan-an ni gbòǹgbò ẹjọ́. Ní Côte d'Ivoire, tchatcho ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá bó ara rẹ̀ di pupa. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ náà kì í jìnnà sí ìsọ̀ ìpara. Obìnrin Kennedy yìí kò bóra nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ó ní àwọn oníbàárà ló ń bi òun pé bí ọṣẹ òun bá dára lóòótọ́, èé ṣe tí òun fi dúdú? Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lo ohun tó ń tà: ọṣẹ kan láàárọ̀ àti lálẹ́, àti ìpara kan tí obìnrin kan ń pò sínú ike funfun tí kò ní orúkọ, tí kò ní àdírẹ́sì.

Oṣù kan kọjá, méjì kọjá. Ojú tó ń lọ sílẹ̀ lọ́sàn-án tẹ́lẹ̀ kò lọ sílẹ̀ tán mọ́. Bàtà tó wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́ láàárọ̀, bó bá di ìrọ̀lẹ́, okùn rẹ̀ á ti rì sínú ẹran. Bí ó bá fi ìka tẹ ojúgun rẹ̀, ibẹ̀ á jin kòtò, kòtò náà kò sì ní tètè dí. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ há. Ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ, ìhó náà kì í sì í rọ̀ bọ̀rọ̀. Ó bá àwọn ọmọ wí pé wọn kò da omi sí ilé ìtọ̀ dáadáa lẹ́yìn tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kò rò ó rárá pé láti inú ara òun ni ìhó náà ti ń wá.

Ó lo oògùn aràn. Ó mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ó ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé oògùn kiri ojú títì, nítorí pé ẹ̀yìn ń dùn ún, kò sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn ara ríro bẹ́ẹ̀, bíi ibuprofen àti diclofenac, a máa dá kún ìyà tó ń jẹ kíndìnrín. Ẹnì kan tún júwe oògùn tó ń mú ni tọ̀ fún un. Ó lò ó fún ọjọ́ méjì, ojú fọn, inú rẹ̀ dùn. Lọ́jọ́ kẹrin, wíwú náà padà, ó sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ pè é láti Ẹjìgbò lórí fóònù. Wọ́n ti rí àwòrán rẹ̀. "Ọmọ mi, ta ni ẹ jọ ń jẹun lọ́jà?" ni màmá béèrè. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ba nǹkan jẹ́. Obìnrin kan wà tí ìsọ̀ tiwọn kọjú síra, tí wọ́n jọ ń bu oúnjẹ fún ara wọn láti ọdún tí wọ́n ti mọra, tí wọ́n jọ rí ogun oṣù kẹsàn-án 2002, nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba Bouaké, tí orílẹ̀-èdè náà pín sí méjì, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì pàdánù ọjà àti owó. Lẹ́yìn ìpè yẹn, oníṣòwò Kennedy yìí kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Nígbà tó ṣe, kò kí i mọ́. Ká sọ òtítọ́, àrùn tí kò ní orúkọ ló ń sọ aládùúgbò di àjẹ́ láàárín àwọn ènìyàn wa, kì í ṣe pé wọ́n burú.

Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Baoulé, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ló tú àṣírí náà. Oníṣòwò náà kò tilẹ̀ tìtorí ojú wíwú lọ síbẹ̀, ibà ló bá lọ. Nọ́ọ̀sì wo ojú rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fún un ní ike pé kó tọ̀ sí i. Ó ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ìtọ̀ náà. Bébà tó yẹ kó dúró ní àwọ̀ ìyeyè di àwọ̀ ewé kó tó pé ìṣẹ́jú kan.

"Tantie," ni nọ́ọ̀sì wí, "kí lẹ fi ń para?"

Ìbéèrè náà bí oníṣòwò yìí nínú. Ó rò pé ẹ̀gàn ni.

Iṣẹ́ tí bébà náà ṣe kì í ṣe tuntun. Ní 1827, dókítà kan tó ń jẹ́ Richard Bright, ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé jáde nípa àwọn aláìsàn tí ara wọn wú. Ó máa ń bu ìtọ̀ wọn sínú ṣíbí, á gbé e sórí iná àbẹ́là, ìtọ̀ náà á sì dì bí funfun ẹyin tí a sè. Nígbà tí irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ kú, tí ó sì la òkú wọn, ó rí i pé kíndìnrín wọn ti bàjẹ́. Ohun tó ń dì nínú ṣíbí náà ni albumin. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, inú ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó wà, òun sì ni ó ń fa omi mọ́ra kí omi má baà jò jáde kúrò nínú iṣan ẹ̀jẹ̀.

Kíndìnrín dà bí asẹ́ tí obìnrin fi ń sẹ́ ògì. Nǹkan bí 180 lítà omi ni méjèèjì ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń dá èyí tó pọ̀ jù lọ padà, tó fi jẹ́ pé lítà kan tàbí méjì péré ni ènìyàn ń tọ̀. Bí asẹ́ náà bá ya, albumin á bá ìtọ̀ lọ, òun ló ń jẹ́ kí ìtọ̀ máa hó. Bí albumin bá dín nínú ẹ̀jẹ̀, tí kíndìnrín sì ń há iyọ̀ àti omi mọ́ra, omi á jò sínú ẹran ara, á wá ibi tó rọ̀ jù lọ láti dúró sí. Kò sí ibi tó rọ̀ tó ìpéǹpéjú. Lóru, nígbà tí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, omi á ṣàn wá sí ojú. Lọ́sàn-án, nígbà tó bá dìde dúró, á ṣàn lọ sí ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú oníṣòwò yìí fi ń wú láàárọ̀ tí bàtà rẹ̀ sì ń há nírọ̀lẹ́. Omi kan náà ló ń lọ sókè sódò.

Kí ló ya asẹ́? Oríṣiríṣi nǹkan ló lè ya á: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B, kòkòrò HIV, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni nọ́ọ̀sì kò fi dájọ́ níbẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí wọ́n ti yẹ gbogbo ìwọ̀nyí wò. Wọn kò rí èyíkéyìí nínú wọn. Ìgbà náà ni dókítà ní kó lọ gbé ọṣẹ àti ìpara rẹ̀ wá.

Mẹ́kúrì ni wọ́n fura sí. Òun ni irin olómi tó ń dán bíi fàdákà, tó máa ń wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ibà láyé àtijọ́, tí àwọn awagóòlù sì fi ń kó góòlù jọ. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ ọṣẹ tàbí ìpara, kì í jẹ́ kí awọ ara ṣe àwọ̀ dúdú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í dúró lórí awọ. Á wọlé, inú kíndìnrín ni á sì kó ara jọ sí. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn dókítà Áfíríkà. Ní 1972, àwọn dókítà ní Nairobi, ní Kẹ́ńyà, kọ̀wé jáde nípa àwọn àgbàlagbà tí ara wọn wú nítorí kíndìnrín tó ń jò, wọ́n sì rí i pé ó ju ìdajì wọn lọ tó ń lo ìpara abóra tó ní mẹ́kúrì nínú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jáwọ́ ni ara wọn padà bọ̀ sípò. Ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ tí wọ́n ti kọ ìyẹn.

Ohun kan wà lára páálí ọṣẹ náà tí oníṣòwò yìí ti rí tipẹ́, tó sì ti fi pa àwọn oníbàárà lẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé kí ọṣẹ náà má ṣe kan góòlù, fàdákà, rọ́bà tàbí alumíníọ̀mù. Ó máa ń béèrè pé kí ló kan ọṣẹ kan góòlù? Ìkìlọ̀ mẹ́kúrì gan-an nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti ní kí àwọn ènìyàn máa ṣọ́ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi mẹ́kúrì sí ọṣẹ kì í kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí.

Ti ìpara inú ike yàtọ̀. Irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní oògùn tó jẹ́ ìbátan kọ́tísóònù nínú, èyí tí àwọn dókítà ń lò fún èélá àti ara yíyún fún ìgbà díẹ̀. Bí ènìyàn bá fi ń pa gbogbo ara fún oṣù tàbí ọdún, òun náà a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀, a sì máa mú kí ojú rí róbótó bí òṣùpá, kí awọ sì fẹ́lẹ́. Nítorí náà, ojú méjì ló wà nínú ojú kan tí wọ́n ń kí obìnrin yìí kú oríire sí: èyí tí omi wú, àti èyí tí kọ́tísóònù sọ di òṣùpá. Ìtọ́jú wọn kò sì dọ́gba. Ọṣẹ mẹ́kúrì, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ènìyàn ti jáwọ́ níbẹ̀. Kọ́tísóònù tó ti pẹ́ lára kò ṣeé já lójijì, nítorí pé ara tó ti fara tì í á ti gbàgbé bí òun ṣe ń ṣe tirẹ̀, ẹni náà sì lè dákú, kó tilẹ̀ kú. Dókítà ló gbọ́dọ̀ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Òfin kò sùn o. Ní 2015 ni ìjọba Côte d'Ivoire fi òfin de ìpara abóra tó ní mẹ́kúrì, kọ́tísóònù, tàbí hydroquinone tó ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Japan ní 2013, tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú Minamata pè, ní kí àwọn orílẹ̀-èdè fòpin sí ṣíṣe irú ìpara bẹ́ẹ̀ àti kíkó o wọ̀lú ní 2020. Ṣùgbọ́n ọṣẹ náà ń bẹ lórí àtẹ. Àtẹ obìnrin yìí gan-an ló wà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ka ìtàn yìí kó wá rò pé kíndìnrín ló wà nídìí gbogbo ojú tó bá wú. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń ta, eyín ni kí ènìyàn kọ́kọ́ fura sí, kò sì sí oògùn ojú títì tó lè rọ́pò dókítà eyín tí yóò fa ọyún rẹ̀ jáde. Bí irú ọyún bẹ́ẹ̀ bá ràn dé abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn, ó lè dí ọ̀nà èémí. Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú lójijì, lẹ́yìn oúnjẹ, oògùn tàbí ìtasán oyin, wàhálà wákàtí kan nìyẹn, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé ẹni náà lọ kíá. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tí orúkọ wọn parí sí "pril", bíi lisinopril, a máa fa irú wíwú yìí, ó sì pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju lára àwọn òyìnbó lọ. Àgbọ̀n ọmọdé tó ń wú kíákíá láìdùn ún lè jẹ́ irú jẹjẹrẹ tí Denis Burkitt kọ̀wé nípa rẹ̀ láti Uganda ní 1958, ó sì ń gbọ́ oògùn bí wọ́n bá tètè gbé ọmọ náà dé. Bí ojú ọmọ tí kò rí oúnjẹ jẹ kánú bá sì wú lẹ́yìn ìgbóná èéyi, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn, tí èrìgì rẹ̀ ń jẹ, ó lè jẹ́ noma, àrùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà mọ́ àwọn àrùn tí ayé pa tì ní oṣù Kejìlá 2023. Ọjọ́ díẹ̀ péré ló fi ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lu, oògùn apakòkòrò sì lè dá a dúró níbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n fún oníṣòwò Kennedy ní oògùn tó ń dín jíjò asẹ́ kù. Ọ̀kan nínú àwọn "pril" yẹn náà ni, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé bí ètè rẹ̀ bá wú, kó sáré wá. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú ni tọ̀, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù, kó sì mójú tó Maggi àti ẹja gbígbẹ oníyọ̀, nítorí iyọ̀ ló ń so omi mọ́ ara. Ìyẹn ló le jù fún un. Ọbẹ̀ tí kò ní Maggi, ó ní bí ìgbà tí ènìyàn ń mu omi ìṣànwọ́ ni. Wọ́n yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì wò, nítorí pé kànrìnkàn àti aṣọ ìnura kan náà ni wọ́n ń lò. Bébà tiwọn kò yí àwọ̀ padà. Ọjọ́ yẹn ni ìyá wọn sunkún.

Ó gbà tó oṣù mẹ́rin kí ìhó ìtọ̀ tó dín kù, kí ọdún sì tó yípo, bébà dúró ní àwọ̀ ìyeyè. Ojú rẹ̀ fọn. Àwọ̀ rẹ̀ padà dúdú, pẹ̀lú àwọn àpá kọ̀ọ̀kan tí kò tíì lọ. Ó lọ kúnlẹ̀ fún obìnrin tí ìsọ̀ tiwọn kọjú síra, ó ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un, ìyẹn sì gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó tún jọ bu oúnjẹ.

Nígbà tó délé fún ọdún, àwọn ará Ẹjìgbò wò ó láti òkè délẹ̀. "Ó mà ti gbẹ o," ni wọ́n wí. "Ṣé ọjà kò tà mọ́ ní Bouaké ni?" Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fún un lówó níkọ̀kọ̀. Kò mọ bí yóò ṣe ṣàlàyé, ó sì gba owó náà.

Irọ́ kọ́ ni pé ọjà kò tà. Páálí ọṣẹ náà mẹ́fà ló kù nínú ilé ìkẹ́rù rẹ̀, owó àjọ ló fi rà á, kò sì tíì san án tán. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ sun ún, nítorí èéfín mẹ́kúrì burú fún ẹni tó bá fà á símú, kò sì gbọdọ̀ dà á sí gọ́tà. Ó dì í sínú ọ̀rá, ó kó o sínú dúrọ́ọ̀mù, ó sì dé e pa. Ibẹ̀ ló wà títí di ìsinsìnyí. Ó ń ta àdí àgbọn àti òrí báyìí, èrè wọn kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́, ọmọge tó ń palẹ̀ mọ́ fún ìgbéyàwó, wá béèrè ọṣẹ náà. Oníṣòwò ní kò sí. Ọmọge ní òun mọ̀ pé ó kù, òun á san ìlọ́po owó. Obìnrin náà wo ojú rẹ̀ títí nínú iná ìsọ̀, ojú náà kún, ó sì dán. Kò bá a jiyàn. Ó ní kó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó bọ́jú, kó má sì mu nǹkan kan sára.

Ọmọge náà wá. Oníṣòwò gbé dígí fún un, ó ní kó jókòó, ó sì lọ wọ bàtà, kí àwọn méjèèjì lè jọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.